ÒWÚ NI TÉLỌ̀ FI Ń RÁNṢỌ, OWÚ NI ELÉRÉ FI Ń RÁN ERÉ
Ìdí tí olólùfẹ́ inú tẹlifíṣọ̀n kì í fi í tètè fẹ́ra wọn

Òrìṣà jẹ́ á pé méjì, obìnrin kò dénú. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìyá tó ń tajà ní Ọjàaba tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ nǹkan ìyanu. Obìnrin tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ orogún sétí nínú ilé ara rẹ̀, òun kan náà ni yóò tètè palẹ̀ ọjà mọ́ nírọ̀lẹ́, tí yóò sáré délé kí eré àwàdà tí wọ́n ti ń fi orogún jà má baà bẹ̀rẹ̀ kó tó dé. Bó bá jókòó tì í tán, ẹ̀rín ni yóò máa rín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí ló fà á? Kí ló dé tí ohun tó ń tú ilé ká fi ń dùn ún wò? Kí ló sì dé tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ara wọn nínú eré lè lo ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, tí wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò so wọ́n pọ̀? Ṣé àìmọ̀ọ́ṣe àwọn eléré ni, àbí ọgbọ́n?

Ọgbọ́n ni o! Ọgbọ́n náà sì ti pẹ́ nílẹ̀ Ìbàdàn yìí.

AGODI LÓ TI BẸ̀RẸ̀

Ní October 31, 1959 ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kọ́kọ́ fọhùn láti Agodi. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló dá a sílẹ̀. Kò tíì sí irú rẹ̀ nígbà náà ní gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ dá NTA sílẹ̀ ní 1977, orúkọ yí padà, ó di NTA Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Agodi náà ló wà.

Tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀ láyé ìgbà náà. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì ni ẹni tó bá rí já jẹ ń so mọ́ ògiri. Ẹni tó bá wá ra tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àdúgbò ló bá a rà á. Àwọn ọmọdé a kún ojú fèrèsé bámú, àwọn àgbà a ní àwọn kàn yà kí baálé ilé ni. Ta ni kò mọ̀ pé kì í ṣe baálé ilé ni wọ́n bá wá!

Ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ti rí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tó kú ní October 2018. Ẹ rántí ìgò ojú ràgàjì àti táì ọrùn gbàǹgbà yẹn. Bàbá arúgbó ahun ni, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọge. Bí ọmọge bá ti wọlé báyìí, òǹwòran ti mọ̀ pé ìtìjú ń bọ̀. Ibẹ̀ náà ni Oyin Adéjọbí ti ń ṣe Kóòtù Aṣípa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé ẹjọ́ ara wọn wá síwájú ìjòyè. Adéjọbí yìí kan náà ló ṣe Orogún Adédigba. Ẹ ò rí i pé láti orí orúkọ ni owú ti ń yọjú!

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ eléré yìí máa ń kọ sínú ìwé. Wọ́n mọ ìtàn, wọ́n mọ ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò jáde. Ìyókù, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Nítorí náà, wọ́n nílò ohun tí yóò máa ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu eléré láìjẹ́ pé ó ń ronú púpọ̀. Ohun náà kò ju owú lọ. Ẹ gbé ìyàálé àti ìyàwó sójú kan, ẹ ju ìṣasùn ọbẹ̀ kan sí àárín wọn, ẹ ó rí i bóyá ẹnì kan nílò ìwé tí yóò kà.

ÀTI LÓRÍ ÌTÀGÉ, ÀTI NÍ YÀRÁ

Nígbà tí Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ eré ní 1944, ojú alárìnjó ni àwọn òbí fi ń wo eléré, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá a lọ. Ogunde wá obìnrin títí, kò rí. Ó wá dọ́gbọ́n, ó kéde pé obìnrin tí yóò ṣe akọ̀wé lòun ń wá. Wọ́n wá. Ìgbà tí àwọn òbí wọn gbọ́ pé orí ìtàgé ni, ọ̀rọ̀ di yánpọnyánrin. Ohun tí Ogunde wá ṣe ni pé ó fi àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré ṣaya, kí ẹnikẹ́ni má baà gbà wọ́n mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wò ó dáadáa: òbí kọ̀, ọkùnrin purọ́, àṣírí tú, ìgbéyàwó ló parí rẹ̀, orogún sì pọ̀ nílé. Ìtàn àwọn eléré fúnra wọn ti tó ṣe àwàdà ọdún mẹ́ta!

TÉLỌ̀ TÓ Ń NÍ KẸ́ Ẹ PADÀ WÁ LỌ́LA

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí mọ ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ padà wá lọ́la." Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́la, ó ti kù bọ́tìnnì. Ní ọ̀túnla, iná ló lọ. Inú ń bí yín, ṣùgbọ́n ẹ ó padà lọ, nítorí aṣọ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì ti rí i tó gbé e kọ́, tó ku díẹ̀ kó parí.

Bí ẹni tó ń kọ eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe ń ṣe òǹwòran náà nìyẹn. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìfẹ́ ẹni méjì. Ó ti fi hàn yín pé wọ́n yẹ ara wọn. Ó ku díẹ̀. Díẹ̀ yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kó tán.

Irú ògiri tí wọ́n sì fi ń dènà ìfẹ́ náà kò pọ̀. Ẹ ó rí i pé márùn-ún ló ń yí po. Àkọ́kọ́ ni òbí: "Ọmọ ta ni? Ará ibo ni?" Èkejì ni owó: ọmọkùnrin mọ́kálíìkì fẹ́ràn ọmọ ọlọ́lá. Ẹ̀kẹta ni ẹnì kẹta, ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá tó ń wo ohun kan náà. Ẹ̀kẹrin ni àṣìgbọ́: lẹ́tà dé ọwọ́ ẹni tí kò ni ín, tàbí ẹnì kan fetí kọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìkarùn-ún ló le jù, ìyẹn ìgbéraga: ọkùnrin ń dúró kí obìnrin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, obìnrin náà ń dúró dè é.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú mímọ ògiri yìí. Kò gbọdọ̀ ga jù. Olólùfẹ́ gbọ́dọ̀ lè yọjú rí ara wọn. Bí ògiri bá bo ojú pátápátá, òǹwòran yóò ní ó ti tán, yóò pa tẹlifíṣọ̀n, yóò lọ sùn. Bó bá sì rẹlẹ̀ jù, wọ́n á fò ó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, eré tán nìyẹn. Ó dà bí ìnáwó ọjà. Bí oníbàárà bá san iye tí ẹ kọ́kọ́ pè, inú yín lè dùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ ó rò fún ẹnikẹ́ni nílé. Èyí tó ná an títí, tó bínú lọ, tó tún padà wá, òun lẹ ó rántí.

Ohun mìíràn tún wà. Eré àwàdà kì í ju bí ìdajì wákàtí lọ. Òǹwòran gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín kó tó tán, kó sì tún fẹ́ padà wá. Ìjà méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀kan kékeré, tó bẹ̀rẹ̀ lónìí tó sì parí lónìí: wọ́n jà nítorí ẹja tó sọnù nínú ọbẹ̀, wọ́n parí rẹ̀. Èkejì ńlá, tí kì í parí: ṣé wọn ó fẹ́ra, àbí wọn ò ní fẹ́ra? Ti kékeré ló ń pani lẹ́rìn-ín. Ti ńlá ló ń mú ni padà wá. Ṣebí wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀YIN MỌ̀, ÀWỌN Ò MỌ̀

Àṣírí owú nínú eré nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé ti rí yàrá méjèèjì. Ẹ rí ọkọ tó ń fún ọmọge kan lówó ní kọ̀rọ̀. Ẹ sì ti gbọ́ ṣáájú pé gèlè tó fẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ ni ọmọge náà ń bá a wá. Ìyàwó yọjú lójú fèrèsé, ó rí owó, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó wọlé, kò kí ọkọ. Ọkọ ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Kò sí." Ọkọ fi gèlè pamọ́ kó lè yà á lẹ́nu. Ìyàwó rí ibi tó fi í pamọ́ sí, ó ní ti ọmọge yẹn ni. Haà! Ẹ̀yin ń pariwo nílé pé, "Tìrẹ ni! Tìrẹ ni!" Kò gbọ́. Ẹ̀rín yín wá láti inú ohun tẹ́ ẹ mọ̀ tí òun kò mọ̀.

Fún èyí, eléré nílò ẹni tí yóò máa ru ìdajì ọ̀rọ̀ kiri. Ṣẹ́gun Olúṣọlá, tó ti bá WNTV ṣiṣẹ́ ní Agodi, ló dá Village Headmaster sílẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní 1968. Nínú abúlé Ọjà tó wà nínú eré náà, obìnrin kan ń jẹ́ Amebo. Ibidun Allison ló ṣe é. Kò sí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ tí Amebo kì í he. Ó ṣe é débi pé orúkọ náà jáde kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n, ó wọ ọjà. Títí dòní, gbogbo Nàìjíríà ló ń pe olófòófó ní àmẹ̀bọ́, ọ̀pọ̀ tó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé inú eré ló ti wá.

Ti Wale Adenuga náà ńkọ́? Papa Ajasco ti wà nínú ìwé àwòrán Ikebe Super láti ọdún 1976 síwájú, ó di fíìmù ní 1984, ó sì wọ tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan bí ọdún 1996. Bàbá olórí pípá yẹn ń sáré tẹ̀lé aṣọ obìnrin, Mama Ajasco ń ṣọ́ ọ, Boy Alinco ń sọ́gẹ̀ kiri, Miss Pepeiye sì ń wo àpò ọkùnrin kó tó wo ojú rẹ̀. Ẹni mẹ́rin pere, ìdènà ti pé. Amaka Igwe, tó kú ní 2014, tún gbé e tayọ. Ó mú Chief Fuji kúrò nínú eré Checkmate ti ọdún 1991 sí 1994, ó fún un ní ilé tirẹ̀, ìyẹn Fuji House of Commotion. Kunle Bamtefa ni Chief Fuji, Ngozi Nwosu sì jẹ́ Peace, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó. Ìyàwó pọ̀, ọmọ pọ̀, ariwo ò tán. Owú kò nílò àlejò mọ́ nínú ilé bẹ́ẹ̀. Ó ti ní yàrá tirẹ̀.

TI ÒYÌNBÓ Ń PARÍ NÍBI TÍ TIWA TI Ń BẸ̀RẸ̀

Àwọn òyìnbó náà mọ ọgbọ́n yìí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kan tó ń jẹ́ Cheers ní 1982. Ilé ọtí ni wọ́n ti ń ṣe é. Sam ló ni ilé ọtí, Diane ń gbé ọtí fún oníbàárà. Sam kò kàwé, Diane kàwé jù. Lónìí wọ́n fẹ́ra, lọ́la wọ́n kọra. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1987, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n so wọ́n pọ̀, Diane fi í sílẹ̀ lọ. Eré náà mú obìnrin mìíràn wọlé, ó sì tún lo ọdún mẹ́fà sí i.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ni Friends, láti 1994 sí 2004. Ross fẹ́ràn Rachel. Rachel rí iṣẹ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mark wà níbi iṣẹ́ náà, owú bá dé. Ross ń tẹ̀ ẹ́ láago ṣáá, ó ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀, kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè mọ̀ pé ó ní ẹni. Mark kò gba Rachel lọ́wọ́ rẹ̀. Owú Ross fúnra rẹ̀ ló tú wọn ká. Eré náà lo ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tó parí gan-an ni wọ́n tó padà sọ́dọ̀ ara wọn.

Ẹ kíyè sí i. Ti òyìnbó, bí olólùfẹ́ bá ti fẹ́ra tán, iyọ̀ ti tán nínú ọbẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù ìgbéyàwó bí ìgbà téèyàn ń bẹ̀rù iná. Àwa ńkọ́? Nínú àwàdà tiwa, ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀! Ìyá ọkọ ń bẹ. Ìyàálé ń bẹ. Àwọn àbúrò ọkọ tó ń pe ara wọn lọ́kọ ń bẹ. Ọmọ ìyàwó àkọ́fẹ́ ń bẹ. Bí ẹ bá sì ní gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀, bàbá lè mú ẹlòmíràn wọlé. Ìdí nìyẹn tí Papa Ajasco fi lè wà lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń béèrè bóyá wọn ó fẹ́ra. Wọ́n ti fẹ́ra tipẹ́. Wàhálà ni wọ́n ń bá yí.

Ayé ń yí padà ṣá. Jenifa's Diary tí Funke Akindele bẹ̀rẹ̀ ní 2015 jẹ́ ti ọmọbìnrin tó ti abúlé wá wá ayé rẹ̀ ní Èkó. Ìbéèrè tirẹ̀ sún mọ́ ti òyìnbó: ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ìran tó ń gbé yàrá kan péré, tí kò mọ agboolé, ìdènà tiwọn ti yàtọ̀.

OKÙN TÍ WỌ́N FÀ JÙ

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dùn. Ẹni tó bá ń fi owú kan náà pa wá lẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ mẹ́wàá, a ó mọ ibi tó ń lọ kó tó dé ibẹ̀. Ìdènà tó dára ń ti inú ìwà ẹni wá. Bàbá Sàlá kò rí ọmọge fẹ́ nítorí pé ahun ni. Ross pàdánù Rachel nítorí pé kò fọkàn tán an. Èyí tí kò dára ni kí mọ́tò ṣàdédé gbá ẹnì kan, kí ọmọ kan ṣàdédé yọjú láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí pé òǹkọ̀wé kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí àwọn obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kan àwọn eléré. Lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin òjòwú ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló ń pariwo, òun ló ń já gèlè, òun ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ọkọ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ jókòó, ó ń fọ eyín. Èyí tó dára jù ni àwọn tó dá ẹ̀rín padà sí orí ẹni tó ni ín. Nínú Fuji House, bí àwọn ìyàwó ṣe ń jà, Chief Fuji gan-an ni ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn. Òun ló kó ìyàwó jọ, òun ni kò rí ibi sùn.

KÓÒTÙ MÁPÓ KÌ Í ṢE ÀWÀDÀ

Ẹ kúrò ní Agodi wàyí, ẹ jẹ́ ká gun òkè Mápó. Kóòtù ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ tí òkìkí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ ti kàn káàkiri nínú ìwé ìròyìn. Ọkọ ní ìyàwó ń yan àlè. Ìyàwó ní ọkọ ń tọ obìnrin kiri. Ọ̀kan rí ohun kan lójú fèrèsé, èkejì gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ògiri márùn-ún inú tẹlifíṣọ̀n ló pé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ẹnu bàbá, wọ́n ń wo ẹnu ìyá, wọn ò mọ ẹni tí àwọn ó bá lọ.

Kí ló yà á sọ́tọ̀? Ohun kan péré. Nínú eré, ẹnì kan ti fi yàrá kejì hàn wá. Nínú ayé, kò sí kámẹ́rà ní yàrá kejì. Òjòwú inú ilé kò rí ju ojú fèrèsé tirẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti dájọ́. Nígbà mìíràn, ohun tó rò ni. Nígbà mìíràn, gèlè ara rẹ̀ ló ń bínú sí.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ayé àwọn eléré Amẹ́ríkà. Láti 1951 sí 1957, Lucille Ball àti Desi Arnaz ṣe I Love Lucy, ọkọ àti ìyàwó nínú eré, ọkọ àti ìyàwó nílé. Nínú eré, bí Lucy bá jowú ọkọ rẹ̀, kí ìdajì wákàtí tó tán, wọ́n ti dì mọ́ra. Nílé, ìdajì wákàtí kò tó. Ní 1960, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà lórí tẹlifíṣọ̀n ju gbogbo ayé lọ, kò rí tirẹ̀ parí.

Nítorí náà, ẹ máa wo eré yín, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín dára, ó ń mú kéèyàn rí ìwà ara rẹ̀ lára ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bú u. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pa tẹlifíṣọ̀n, tí owú bá wá kan ilẹ̀kùn yàrá tiyín, ẹ rántí ìyàwó tó rí owó tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bínú. Eléré ń fi ìdajì ọ̀rọ̀ jẹun ni. Ẹlòmíràn fi ìdajì ọ̀rọ̀ tú ilé ká.

Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Èwo nínú àwọn eré wọ̀nyí ló ti sọ ọ̀rọ̀ ilé yín bí ẹni pé wọ́n ń gbé lẹ́yìnkùlé? Ta ló sì jẹ̀bi jù nínú àwàdà wa: òjòwú ni, àbí ẹni tó fún un ní ohun tó ń jowú sí? Ẹ gbé kálámù.